Òfin Ẹnu-Gbogbo-Wa

"Ó ti sú wa."

Ìdùnnú ló sọ bẹ́ẹ̀, ní àkókò ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo èrò tó kún inú yàrá náà ló gbọ́ ọ. Ọmọ kíláàsì SS1 ni Ìdùnnú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kifayat yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. "Kí ló sú yín?"

"Ìjọba Ààrẹ ni, Síníọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Síníọ̀ Táòfíkì ni Ààrẹ. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré mẹ́rin, wọn ò kọ́ ilé ìwòsàn kankan. Nígbà tí àìsàn wọ̀lú, àwa ará ìlú la kú. Èmi gan-an ti kú lẹ́ẹ̀mejì."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Táòfíkì, gìrìpá ọmọ SS2 kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dìde lórí ìjókòó. "Ṣé ẹ ò wo bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó kú ni?"

Ìlú tí wọ́n ń sọ yìí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Omídùn ni orúkọ rẹ̀, inú géèmù ló sì wà. Kifayat àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Testimony, tí àwọn méjèèjì wà ní SS2, ló fi odindi oṣù mẹ́jọ kọ géèmù náà. Omídùn ní odò ńlá kan, ó ní oko, ó ní igbó, ó ní ọjà àti ilé-ìwé. Ọjọ́ kan nílé-ìwé jẹ́ ọdún kan ní Omídùn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógóje ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tí géèmù fúnra rẹ̀ dá. Kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀: àgbẹ̀ ni àwọn kan, dókítà ni àwọn kan, apẹja ni àwọn mìíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi ṣe Ààrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá wu Ààrẹ ló máa ń ṣe.

Ìdùnnú tú ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní àbá kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin tuntun kan kún un, tí ìlú fi lè yàn láti má ní Ààrẹ rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, kí gbogbo wa fúnra wa dìbò sí i. Èyí tí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́ la ó ṣe. Tíṣà tó ń kọ́ wa nípa ìjọba sọ pé àwọn ìlú kan ṣe é rí láyé àtijọ́. Wọ́n ní ìjọba tiwa-n-tiwa tààrà ni. Kò sí pé aṣojú kan ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹnu gbogbo wa ni."

Orí Kifayat wú. Ó wo Testimony. Testimony ti mú bírò, ó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Òfin Ẹnu-Gbogbo-Wa," Testimony wí. "Orúkọ tó máa jẹ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé àwọn Testimony ní Dàda Estate ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà, nítorí pé wọ́n ní iná tó ń ti ara oòrùn wá níbẹ̀, kì í sì í lọ lójijì. Wọn ò mọ̀ pé òfin kékeré báyẹn lè ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, Testimony tẹ bọ́tìnnì ìbò nígbà ogójì pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo, géèmù sì ka ogójì fún un.

"Ìwọ nìkan lo di gbogbo ìlú," Kifayat sọ, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Wọ́n tún dán an wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbò méjì dọ́gba, géèmù náà sì dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n tún ìyẹn náà ṣe. Ìyá Testimony gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá fún wọn, oúnjẹ náà tutù síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ìbò àkọ́kọ́ wọlé láìsí àbùkù kankan, àwọn méjèèjì sì fò sókè, wọ́n ń jó yí tábìlì ká.

Apá ibi tí géèmù ń kó ìbò pamọ́ sí, Kifayat ló kọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè rí ibẹ̀ àfi ẹni tó bá ní páswọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ nìkan sì ni páswọ́ọ̀dù náà wà. Testimony ò bèèrè rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó.

Láti ọjọ́ Ajé tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé gbóná janjan. Wọ́n dìbò lórí ilé ìwòsàn, ó wọlé. Wọ́n dìbò lórí afárá, ó wọlé. Táòfíkì gbé àbá pápá ìṣeré karùn-ún wá, wọ́n já a kulẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ, wọ́n ń jiyàn lórí Omídùn. Lórí ìlà àsẹ́ḿbìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí Omídùn. Àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì ń dìde dúró láti sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni tàwọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi oko àwọn.

Ọ̀gbẹ́ni Béjidé ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Bó ṣe rí gbogbo èyí, ó forúkọ ilé-ìwé sílẹ̀ fún ìdíje kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Iléṣà láàrin àwọn ilé-ìwé girama, fún àwọn ọmọ tó ń kọ géèmù.

"Kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́wàá ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní," ó sọ fún Kifayat àti Testimony. "Ẹ wo èyí tá a ní. Mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú mẹ́fà ọ̀hún, àfi ká gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tan. Bí Omídùn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n máa wò. Ẹ tọ́jú ìlú yín."

Kifayat ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ń tàn lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Táòfíkì gbé àbá tuntun wá. Igbó ńlá kan wà létí odò Omídùn. Ó ní kí wọ́n gé e dànù, kí wọ́n sọ ọ́ di oko àgbàdo.

"Oúnjẹ máa pọ̀ ní ìlọ́po méjì lọ́dún kan ṣoṣo," ó ń wí, ó gun orí àga. "Inú ará ìlú máa dùn. A máa dé Iléṣà pẹ̀lú ìlú tó yó."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìdùnnú dìde, ojú ń tì í, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀. "Àwa ọmọ Òṣogbo la fẹ́ gé igbó etí odò? Ẹ lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Ṣé ẹ rò pé ó kàn wà níbẹ̀ ni?"

"Omídùn kì í ṣe Òṣogbo," ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́.

Kifayat jókòó síbi kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òun ló kọ òfin igbó náà ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gé igbó etí odò, kò ní sí gbòǹgbò tó máa di ilẹ̀ mú, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà odò máa kún, á sì gbé ìdajì ìlú lọ. Òun àti Testimony nìkan ló mọ̀, Testimony sì ti lọ sí yàrá ìdánwò kẹ́mísírì. Ó yẹ kó dìde kó sọ ọ́. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló pa á dé. Ó rò ó pé, "Bí mo bá sọ ọ́, géèmù ò ní dùn mọ́. Wọn ò sì ní gbọ́. Ariwo Táòfíkì ti pọ̀ jù."

Wọ́n dìbò. Nígbà tí agogo ìparí ilé-ìwé lù, tí gbogbo èèyàn ti ń gbé báàgì, Kifayat ṣí ibi tí ìbò wà. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló ní kí wọ́n gé e. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ní kí wọ́n má gé e.

Ó wo nọ́ńbà méjèèjì pẹ́. Ó wẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà, ó pààrọ̀ wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. "Mo gba ìlú là," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èsì hàn lójú kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: igbó dúró. Táòfíkì kùn díẹ̀, ó gbà fún ìbò. Omídùn ń dàgbà sí i. Ẹja pọ̀ nínú odò, àwọn ọmọ wà nílé-ìwé, ayọ̀ ará ìlú ga ju bó ṣe ga rí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Béjidé pe ọ̀gá ilé-ìwé wá wò ó. Ọ̀gá gbọn orí, ó ní, "Kifayat, orí rẹ pé." Kifayat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìdùnnú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà.

"Síníọ̀ Kifayat, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní ohun kan tí kò yé mi." Ó tú ìwé pélébé rẹ̀. Orúkọ ló kún inú rẹ̀. "Mo ń bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe dìbò sí ọ̀rọ̀ igbó. Mo fẹ́ mọ àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin èèyàn ló sọ fún mi pé àwọ́n ní kí wọ́n gé e. Báwo ni 'má gé e' ṣe wá wọlé?"

Kifayat yíjú sápá kan. "Wọ́n lè parọ́ fún ẹ."

"Ọgọ́rin èèyàn, Síníọ̀?"

Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, ariwo wọn ń dún láti òkèèrè.

"Ìdùnnú, ìwọ lo sọ pé kí wọ́n má gé igbó yẹn," Kifayat wí nígbẹ̀yìn. "Ohun tó o fẹ́ lo rí gbà. Kí lo tún ń wá?"

Ojú Ìdùnnú rẹ̀wẹ̀sì. "Mo fẹ́ kí igbó wà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n borí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n borí mi. Bí àwa ò bá lè pàdánù, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìbò nínú wa." Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Kifayat wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, ó ń bá bàbá rẹ̀ sá aṣọ sórí okùn. Aláró ni Àlàájì Àkànó, bí bàbá tirẹ̀ ṣe jẹ́. Ìkòkò aró kì í wọ́n nílé wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àpìkẹ́ gbé aṣọ wá, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán. Ó fẹ́ kí wọ́n pa á láró dúdú.

"Àpìkẹ́, aró kì í mú irú aṣọ yìí," Àlàájì sọ. "Bó o bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á ti ṣí. Mo ní òwú gidi nílé, ìyẹn máa mú un."

"Èyí ló wù mí, Àlàájì."

"Mo kàn ń sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ ni."

"Mo gbọ́. Èyí náà ni kẹ́ ẹ bá mi pa."

Àlàájì gbà á. Nígbà tí obìnrin náà lọ, Kifayat ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn bá a fi òwú gidi ṣe é? Nígbà tó bá rí bó ṣe dára, á dúpẹ́."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Aṣọ ta ni?"

"Ti Àpìkẹ́ ni, Bàbá."

"Tèmi ni kí n sọ fún un. Mo sọ fún un. Bí mo bá pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kódà kó jẹ́ aṣọ tó dára ju tirẹ̀ lọ, kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò retí ìdáhùn. Kifayat di okùn aṣọ mú. Òun mọ̀ pé odò máa kún. Ó ní ẹnu. Kò sì sọ ọ́.

Láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Béjidé nínú ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

"Kì í ṣe ìbò tèmi lo jí," Ọ̀gbẹ́ni Béjidé dá a lóhùn. "Àwọn tó ni ín ni kó o lọ bá."

Ní àkókò ìsinmi, wọ́n kó gbogbo ará Omídùn sínú gbọ̀ngàn ìjẹun, nítorí yàrá kọ̀ǹpútà kò gbà wọ́n. Kifayat dúró níwájú. Ó sọ pé wọ́n dìbò láti gé igbó, pé òun ló pa èsì dà. Ariwo tó sọ kò ṣeé fẹnu sọ. Testimony, tó jókòó níwájú gan-an, kò pariwo. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀," Kifayat wí. "Mo ṣe é nítorí mo mọ̀ pé odò máa kún. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú géèmù. Bẹ́ ẹ bá gé igbó yẹn, ọdún mẹ́ta ni, ìdajì ìlú máa lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dìbò."

Táòfíkì dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gun àga. "Lẹ́yìn ohun tó o ṣe yìí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lo ń sọ? Bóyá èyí náà jẹ́ ọ̀nà láti gba ohun tó o fẹ́. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora."

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Testimony dìde, ó ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ odò náà, wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ sọ? Ohun tó dun Kifayat jù nìyẹn: òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò sì tà.

Wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, nípa nína ọwọ́ sókè lójú gbogbo èèyàn. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí èsì igbó padà sí bó ṣe rí. Èkejì, mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún èèyàn ní kí wọ́n gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Kifayat, kí wọ́n fún Testimony àti Ìdùnnú, kí ibi tí ìbò wà sì ṣí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó. Kifayat kọ páswọ́ọ̀dù náà sórí ìwé, ó fi lé Ìdùnnú lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ìtọ̀, ó sunkún níbẹ̀ títí agogo fi lù.

Wọ́n gé igbó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àgbàdo bo etí odò, ayọ̀ ará ìlú ga fíofío, Táòfíkì ń yan kiri bí ọba. Lọ́jọ́rú, àgbàdo tún pọ̀ sí i. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, odò ti kún. Àwọ̀ pupa ẹrẹ̀ bo ìdajì àwòrán ìlú. Afárá ti lọ. Ilé ìwòsàn ti lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ará ìlú inú géèmù kò nílé mọ́, ìdíje Iléṣà sì ku ọjọ́ méjì.

Táòfíkì rìn lọ bá Kifayat níbi tó dúró sí lẹ́yìn.

"O sọ ọ́," ó wí.

"Mo sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo ti ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́."

Táòfíkì fọwọ́ ra orí. Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ó dáa. Ẹ gbọ́. Tá a bá fẹ́ dìbò látòní lọ, kí ẹni tó bá ní àbá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹni tó lòdì sí i náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí àwa ò mọ̀ sì sọ ọ́ kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹnikẹ́ni. Títí kan Kifayat."

Wọ́n dìbò sí ìyẹn náà. Ó wọlé.

Ó dà bíi pé ilé-ìwé náà jí. Lọ́jọ́bọ̀ àti lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n pe wọ́n fún oúnjẹ. Ta ni ká kọ́kọ́ fún nílé, àwọn aláìsàn ni tàbí àwọn ọmọdé? Ṣé ká tún afárá ṣe ni tàbí ká ra ọkọ̀ ojú omi? Ọmọ JSS3 kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé ìpìlẹ̀ ilé sókè níbi tí omi ń dé. Kifayat sọ ohun tó mọ̀ nípa odò. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn, wọ́n sì dìbò bó ṣe wù wọ́n. Nígbà mìíràn wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọn ò gbà á. Testimony tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. "Kò yẹ kó o fi pamọ́ fún mi," ni gbogbo ohun tó sọ lórí rẹ̀. Kifayat ní, "Mo mọ̀. Má bínú."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Béjidé kó àwọn mẹ́rin lọ sí Iléṣà: Testimony, Ìdùnnú, Táòfíkì àti Kifayat, tí wọ́n ní kó máa bójú tó wáyà. Gbọ̀ngàn náà kún. Ìlú àwọn ilé-ìwé yòókù ń dán yanran lójú kọ̀ǹpútà, ilé gogoro, ọ̀nà títẹ́, òdòdó. Omídùn nìkan ló kún fún ẹrẹ̀.

Ẹnjiníà Fẹ̀hìntọlá ló ṣáájú àwọn adájọ́, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí orin. Ó dúró níwájú Omídùn, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ló bá ìlú yín báyìí?"

Kifayat wo Ìdùnnú, Ìdùnnú wo Testimony. Táòfíkì ló dáhùn. "Àwa la bà á jẹ́, mà. Gbogbo wa la dìbò sí i. Àwa náà la sì ń tún un ṣe."

Adájọ́ náà fa àga, ó jókòó. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Kifayat fúnra rẹ̀ sì sọ apá tirẹ̀, kò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà Fẹ̀hìntọlá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní gbọ̀ngàn dìbò sí ọ̀rọ̀ tó kàn: ṣé kí ará ìlú padà kọ́lé sí etí odò, tàbí kí wọ́n kó lọ sórí òkè? Bí wọ́n ṣe pe ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn fi tábìlì tiwọn sílẹ̀, wọ́n rọ́ wá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatóyìn, láti abúlé olóko kòkó kan nítòsí Iléṣà, gba ọ̀rọ̀. Ó ní igi kì í dàgbà lọ́jọ́ kan; kí wọ́n kó lọ sórí òkè, kí wọ́n sì gbin igi padà sétí odò, kí wọ́n ní sùúrù bí àwọn òbí òun ṣe ń ní sùúrù fún kòkó. Ọmọkùnrin kan láti ilé-ìwé míì ta kò ó, ó ní àwọn apẹja ńkọ́? Ariwo ìjíròrò gba gbọ̀ngàn kan. Ìdùnnú ń pe àkókò, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tí èsì jáde, òkè ló borí, àwọn èèyàn sì hó yèè bíi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ipò kejì ni wọ́n gbà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ẹ̀bùn rẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá. Ilé-ìwé kan tí ìlú tiwọn ní ọkọ̀ ojú irin ló gba ipò kìíní. Ọ̀gbẹ́ni Béjidé gbé ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi dé Òṣogbo, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìdùnnú gbé àbá kan wá. "Mo fẹ́ kí á dá páswọ́ọ̀dù padà fún Síníọ̀ Kifayat. Wọ́n ti jẹ́wọ́, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́."

Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ SS1 kan ta kò ó. Ó ní òun fẹ́ràn Síníọ̀ Kifayat, ṣùgbọ́n oṣù kan kò tíì pé, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n bi Kifayat bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kò sí. Wọ́n dìbò. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ní kí wọ́n dá a padà. Mọ́kànléláàádọ́rin ní kí wọ́n má tíì dá a padà.

Ìdùnnú wò ó pẹ̀lú àánú. Ṣùgbọ́n ara Kifayat fúyẹ́ lọ́nà tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ibi tí ìbò wà ti ṣí sílẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà náà, kò sì sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ti borí rẹ̀, òótọ́ sì ni wọ́n fi borí rẹ̀.

Ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀, ẹnu ló yẹ kó fi ràn wọ́n lọ́wọ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀yìn. Bí èèyàn bá jí ìpinnu àwọn ẹlòmíràn, kódà nítorí àtiṣe wọ́n lóore, ohun tó jí gan-an ni ìgbàgbọ́ wọn nínú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í padà lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń hù, bí igi etí odò.

"Èèyàn mẹ́ta péré ló kù kó yí ọkàn padà," Kifayat sọ fún Testimony, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó sáàrin àwọn yòókù, ó sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ láti dìbò sí ọ̀rọ̀ tó kàn.